Ọmọ Òjò Inú Kànga Dorcas

Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín jiyàn pé ẹja kò lè ti inú erùpẹ̀ gbígbẹ jáde, ẹ má wulẹ̀ bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ kàn sọ fún un pé kò tíì dé Ìgbàrà-Odò. Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, níbi tí ilẹ̀ ti rọra tẹ̀ lọ sí ẹ̀bá odò, àbàtà kan wà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú gbẹ títí ẹrẹ̀ rẹ̀ á fi là pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ewúrẹ́ á máa rìn lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kò sí omi, kò sí ẹja, àkèré pàápàá á ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ dáadáa, kí omi dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ ó rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń sáré kiri, tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹja ni. Ta ló kó o wá? Ọlọ́run ló mọ̀, àti Dorcas.

Àwọn tó kàwé ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja yìí. Èmi ò mọ̀ ọ́n, n ò sì bi wọ́n. Yèyé tó bí Dorcas, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ òjò ló ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Bó ti wù kó dàgbà tó, kì í tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Akọ rẹ̀ lẹ́wà débi pé ẹ ó rò pé ẹnì kan ló fara balẹ̀ kùn ún: ara rẹ̀ á máa dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, àmì pupa á tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù rẹ̀ á gùn ṣọnṣọ. Abo rẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ ẹrẹ̀ lásán ni, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú ẹja mìíràn ni. Akọ méjì kì í gbé inú àwo kan kí wọ́n má jà. Bí ẹ bá sì fi wọ́n sínú ìkòkò tí ẹ kò dé e, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ó ti bá wọn láàárọ̀, nítorí wọ́n mọ ìfò. Tanwíji ni oúnjẹ wọn; omi tí wọ́n bá wà, ẹ̀fọn kò rí ọmọ tọ́ níbẹ̀.

Ohun kan tó kù ni pé wọn kì í pẹ́ láyé. Inú ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Bí omi bá gbẹ, ìyá á kú, bàbá á kú, ẹyin á wà nínú erùpẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, á máa dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Dorcas ni mo fẹ́ sọ, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di òní.

Ọmọ méjì ni yèyé Dorcas bí fún Afọláyan: Ọlálérè, tí gbogbo ayé ń pè ní Lérè, àti Dorcas tó tẹ̀lé e. Bàbá wọn tètè kú. Nígbà tí odò bá kún, Lérè ló máa ń gbé Dorcas kọ́ èjìká sọdá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Á fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ àbúrò mú, á wá fi eyín di okùn bàtà àwọn méjèèjì mú. Dorcas kì í yé sọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá bá a jókòó títí omi ẹ̀kọ fi hó, ẹ ó gbọ́ ọ. Á ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ò jẹ́ kí omi kàn mí rí."

Dorcas fẹ́ Àlàbí, awakọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n sì ń gbé ní Muṣin títí àìsàn fi mú Àlàbí lọ. Àwọn ẹbí ọkọ kó ohun tí wọ́n rí kó. Lọ́dún tí àwọn sójà tún gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, Dorcas bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Ìgbàrà-Odò pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan àti máṣíìnì ìránṣọ kan. Kò bímọ. Ẹ sì mọ bí ìlú ti ń wo opó tó ti Èkó dé lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n á kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá ti kọjá.

Lérè ló gbà á sílé. Lérè ìgbà yẹn ti di èèyàn ńlá. Ó ní oko kòkó lọ́nà Ògòtún, òun ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, bó bá sì dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà pàápàá máa ń dákẹ́. Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀bá àbàtà, ó ní, "Dorcas, ulẹ̀ rẹ rèé. Kọ́ ulé sí i."

Wúlẹ̀mọ̀tù tó wà ládùúgbò, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, bú sẹ́rìn-ín. "Ulẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n fún ọ yẹn o! Ṣé o máa rán ẹ̀wù fún àkèré ni?"

Dorcas kò bínú. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ́ yàrá méjì sí ibi tó ga díẹ̀, ó wá bẹ àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ́wẹ̀, wọ́n gbẹ́ kànga fún un. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tí omi fi pàdé wọn, omi tútù tó mọ́ lóló. Dorcas se iyán fún gbogbo wọn, ó sunkún ayọ̀ bó ti ń gún un. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí tanwíji bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú kànga náà. Ìgbà náà ló rántí yèyé rẹ̀, tó máa ń fi ọmọ òjò sínú àmù ńlá ẹ̀yìnkùlé. Ó mú asẹ́, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ àbàtà. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò sí tanwíji kan mọ́.

Ọjọ́ tí Wúlẹ̀mọ̀tù kọ́kọ́ fa ẹja sókè nínú garawa, igbe tó ké, ará Ìkẹ́rẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. "Yéè! Nǹkan ń jẹ́ nǹkan! Dorcas, kí lo fi sínú omi?"

Dorcas ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ òjò ni. Omi tí kò dáa kò lè gba ọmọ òjò. Tí ẹ bá rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ mu omi yín. Ẹ ṣáà bá mi dá a padà sínú kànga."

Báyìí ni àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ òjò bá bá ọ wọ inú garawa, o gbọ́dọ̀ dá a padà kí o tó gbé omi rù. Ìgbà tí mo ń sọ yìí, sòbìyà ń dá àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ ní abúlé káàkiri. Àgbẹ̀ á fẹ́ lọ sóko, ẹsẹ̀ á wú, aràn á máa yọ jáde lára rẹ̀ bí òwú. Nítorí náà omi tí èèyàn lè fọkàn balẹ̀ mu kì í ṣe nǹkan kékeré. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, Dorcas á bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga, á wo àwọn ẹja rẹ̀, á wá fa garawa àkọ́kọ́, á bu igbá kan, á mu ún tán lójú gbogbo èèyàn. Bó bá ti nu ẹnu rẹ̀ báyìí, àwọn tó tò á ní, "Ìyá Olómi, ẹ kú uṣẹ́ o!" Ìyá Olómi! Obìnrin tó dé pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ti ń fi garawa wọn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò lọ́mọ, kò lọ́kọ, kò lóko. Kànga yẹn ni orúkọ rẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ pé ọmọ òjò kì í pẹ́ láyé. Inú kànga kì í gbẹ o, síbẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tó wà níbẹ̀ á ti darúgbó, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Dorcas á rọra yọ òkú wọn, á sin ín sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀, nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ á lọ kó òmíràn ní àbàtà. Gbogbo ayé rò pé ẹja kan náà ló wà níbẹ̀ látọdún dé ọdún. Ó jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé omi rẹ̀ ń pa ẹja.

Ọ̀rọ̀ bóhòólù, kànga onípọ́ǹpù tí ìjọba ń gbẹ́, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti Àkúrẹ́ wá, wọ́n ń yẹ ìlú wò láti mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí. Lérè ti fọ́nnu fún àdúgbò pé bí òun bá ń jẹ́ ọmọ Afọláyan, iwájú ilé òun ni omi ìjọba máa gbé jáde. Oyè kan ṣófo ládùúgbò wa nígbà náà, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ojú Lérè wà lára rẹ̀. Àwọn àlejò náà rìn títí wọ́n fi dé ìdí kànga Dorcas. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n rí ẹja aláwọ̀ aró tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi. Wọ́n mu nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ti lómi tiyín. Àdúgbò tí kò ní rárá la máa kọ́kọ́ ṣe. A ó padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun láti fẹnu ọ̀rọ̀ jóná."

Lérè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ gbá Dorcas léjìká, ó ní, "Àbúrò mi, o ṣe bẹbẹ." Ọ̀dàlẹ̀ èèyàn! Ẹ̀jẹ̀ ló fi sínú tó ń tu itọ́ funfun.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó le. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó Lérè, gbé báásíìnì wá sí ìdí kànga. Ó pọn omi títí. Bó ti ń gbé ọ̀kan lọ ló ń padà wá gbé òmíràn. Dorcas ló ń bá a gbé e rù.

Dorcas ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ní ìnáwó tí n ò gbọ́ ni?"

Bọ́sẹ̀dé kò wo ojú rẹ̀. "Rárá o, ọkọ mi. Apá ló ń dùn mí, n ò fẹ́ wá pọnmi lọ́la."

Dorcas ní kó pẹ̀lẹ́ o, ó sì fún un ní òrí kó fi pa apá náà. Ó ṣe é tọkàntọkàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀ débi pé èèyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ tán. Dorcas bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga, funfun ló rí. Àwọn èèyàn ti ń dé pẹ̀lú garawa, òtútù ń mú wọn, wọ́n ń kùn. Ó fa omi. Ó ti igbá bọ garawa, ó bu omi, ó gbé e dé ẹnu. Nǹkan kan kàn án létè. Ó gbé igbá náà sílẹ̀ díẹ̀, ó wò ó dáadáa: ọmọ òjò ni, akọ, ikùn rẹ̀ ló kọjú sókè, àwọ̀ aró rẹ̀ ti ń ṣí. Ìgbà náà ni òórùn wọ imú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé láàárín kòkó tí kò mọ òórùn oògùn tí wọ́n ń fín in. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má mu ún o!" Ohùn rẹ̀ là. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ gbé ọmọ yín sẹ́yìn!"

Ariwo sọ. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, Lérè ti dé, ó ti wọ dànṣíkí, ó ti dé fìlà. N ò mọ irú èèyàn tó ń múra òde ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó ro ìyẹn. Àwọn kan ti ń na ìka sí Dorcas pé kí ló fi sínú omi. Lérè na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀! Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò ń jẹ tòmátì Dorcas lẹ́bàá kànga, Lérè fúnra rẹ̀ ló bu oògùn kòkó díẹ̀ sínú ìgò fún un pé kó fi wọ́n ọn. Dorcas rántí. Orí rẹ̀ fò lọ. Ó gbà pé oògùn tòmátì yẹn ló wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi. Ó wólẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú gbogbo àdúgbò, ó ní, "Ẹ ṣàánú mi. Èmi ni. Èmi ni mo fín tòmátì. Ẹ dárí jì mí." Lérè gbé e dìde, ó ń gbọn erùpẹ̀ lára rẹ̀, ó ń sọ pé ó tó, ó tó. Àwọn obìnrin kan ń sunkún nítorí ìfẹ́ tó wà láàárín ọmọ ìyá méjì.

Wọ́n fi pákó bo kànga, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Àwọn ará Àkúrẹ́ padà dé lẹ́yìn ọdún tuntun, Lérè mú wọn lọ wo kànga tó ti bàjẹ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n gbẹ́ bóhòólù síwájú ilé Lérè, Lérè sì jẹ oyè rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Dorcas ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u lójú. Wọ́n kàn dẹ́kun mímu omi nílé rẹ̀ ni. Wúlẹ̀mọ̀tù ṣì ń wá bá a tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n bí Dorcas bá gbé ife sílẹ̀, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán nílé ni. Ní Yorùbá, ẹni tí a kò lè gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ onítọ̀hún? Orúkọ Ìyá Olómi kú. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá rán dín kù. Láàárọ̀, Dorcas á gbé garawa rẹ̀ lọ sídìí bóhòólù, á tò sẹ́yìn gbogbo èèyàn, bó bá sì kan Lérè lọ́nà, á kúnlẹ̀, á ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n pa mí lọ́jọ́ yẹn."

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Kò pẹ́ tí omi ìjọba fi ṣe bí nǹkan ìjọba. Ọwọ́ pọ́ǹpù kán ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ń le sí i. Àwọn èèyàn padà sínú odò, sòbìyà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí Olóyè Lérè, nítorí iwájú ilé rẹ̀ ni irin tí kò lómi dúró sí, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí i.

Ìgbà náà ni Lérè rìn lọ sí ìsàlẹ̀, sílé Dorcas. Ó jókòó sórí àga, ó bọ́ fìlà lé orúnkún. Dorcas gbé omi fún un nínú ife. Ó wo ife náà, kò mu ún.

"Dorcas, a fẹ́ ṣí kànga rẹ. Mo máa kó òṣìṣẹ́ wá, wọ́n á gbọ́n ọn gbẹ, omi tuntun á sun. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní àfi tí àwọn bá rí ọmọ òjò níbẹ̀ láàyè. Ẹ̀ẹ̀rùn sì nìyí, n ò mọ ibi tí a ti lè rí i. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n wá."

Inú Dorcas dùn. Orúkọ rẹ̀ ń padà bọ̀! Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Bí oògùn tòmátì yẹn bá ṣì wà nínú ilẹ̀ ńkọ́? N ò fẹ́ kí n tún pa ẹnikẹ́ni."

Lérè rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Òjò ti fọ̀ ọ́ lọ tipẹ́. Ìdajì agolo péré, kí ló tún lè kù níbẹ̀?"

Máṣíìnì ìránṣọ wà láàárín wọn. Dorcas gbé ọwọ́ lé e. Agolo? Ìgò kékeré ni Lérè fún un nígbà náà, kò sì tíì lò ó tán. Ta ló mẹ́nu ba agolo? Ó rí Bọ́sẹ̀dé lójú ọkàn rẹ̀, tó ń gbé báásíìnì lọ, tó ń gbé e bọ̀, tí kò fẹ́ wo ojú òun. Ó rántí òrí tó fún un. Ó rántí fìlà àti dànṣíkí láàárọ̀ kùtù. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde ò lè pani: ó ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, kò rò pé ó kan òun.

"Lérè." Kò pe orúkọ rẹ̀ báyìí rí láyé. "Ìwọ ni."

Lérè kọ́kọ́ bínú, ó dìde. Lẹ́yìn náà ó tún jókòó. Ó ní nítorí àdúgbò ni. Ó ní bóhòólù ì bá ti lọ sí òdìkejì, gbogbo èèyàn ni òun rò. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, àbí ẹnì kan kú? Ó sọ̀rọ̀ títí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Dorcas jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní, "O jẹ́ kí n wólẹ̀ bẹ ayé. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí ohun tí n ò ṣe jì mí. Ìyẹn náà, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń kọ́kọ́ mu omi yẹn láràárọ̀?"

Lérè ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ni, Lérè?"

"Ìwọ ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ wo ẹja. Gbogbo ìgbà lo máa ń wò ó. Mo mọ̀ pé tí o bá rí òkú wọn lójú omi, o ò ní í mu. Dorcas, mo fi yèyé wa búra, ẹja yẹn ni mo gbọ́kàn lé."

Dorcas wò ó. Ọkùnrin tó gbé e kọ́ èjìká sọdá omi.

"Ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo kànga, n ò rí nǹkan kan. Ọmọ òjò kì í pẹ́ láyé, wọ́n ti ń kú láti oṣù tó ṣáájú, èmi ni mò ń sin wọ́n. Ẹyọ kan ló kù níbẹ̀, Lérè. Ẹyọ kan ṣoṣo. Òun náà ló wọ inú garawa."

Lérè fi fìlà bo ojú. Bóyá ó sunkún, n ò mọ̀, n ò sì fẹ́ mọ̀.

Dorcas ò pariwo síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ló dé tí kò tú u lójú ọjà. Ó ní orúkọ yèyé òun ni gbogbo ayé máa fi sẹ́nu, yèyé òun ò sì ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ohun kan kalẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n náà sì gbà.

Wọ́n ṣí kànga, wọ́n gbọ́n ọn gbẹ, omi tuntun sun. Dorcas mú ọkọ́ lọ sí àbàtà gbígbẹ, ó wa ẹrẹ̀ lábẹ́ ewé jíjẹrà, ó kó o sínú ìkòkò, ó bu omi tútù lé e, ó fi ẹní dé e. Wúlẹ̀mọ̀tù bá a níbẹ̀, ó ní ṣé kò ya wèrè tó fi ń se erùpẹ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan wẹ́wẹ́ bíi ojú abẹ́rẹ́ fi ń sáré nínú ìkòkò náà. Wúlẹ̀mọ̀tù fi ọwọ́ lérí, ó kọrin yí àdúgbò ká. Nígbà tí àwọn ẹja náà gbó díẹ̀, wọ́n wọ kànga, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, orúkọ Ìyá Olómi sì jí padà.

Àyípadà kan ṣoṣo ló wà. Láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe Dorcas ló ń kọ́kọ́ mu mọ́. Olóyè Lérè ni, bí Dorcas ti là á kalẹ̀ fún un. Á ti ilé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, á dúró sídìí kànga, Dorcas á fa omi, á bu igbá kan, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, á kúnlẹ̀. Àwọn tó tò á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ wo bí àbúrò ti ń bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n! Irú ọmọ ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n." Lérè á mu ún, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á lọ.

Nígbà òjò, kò sí ìyọnu. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á rí wọn tí wọ́n ń ta kiri, akọ aláwọ̀ aró, abo aláwọ̀ ẹrẹ̀, á fọkàn balẹ̀ mu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ á ṣáà dé. Lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bo ìsàlẹ̀, tí òórùn oògùn kòkó wà nínú afẹ́fẹ́, Lérè bẹ̀rẹ̀ wo kànga títí, funfun ló rí. Dorcas ti bu omi. Ó gbé igbá náà dúró níwájú rẹ̀. Lérè gbà á, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà gbọ́.

"Dorcas, mélòó ló kù níbẹ̀?"

Dorcas ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń dúró kó mu ún.